Kantíkantí Inú Oró

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Kétu, apá oró kan ti rà.
Felisité lóṣòó tì í, oje funfun gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́,
ó fi ìgò bo kantíkantí mẹ́ta.
Ó ní wọn kì í bá ti Ṣábẹ̀ẹ́ gùn mọ́.

Ọ̀dá kan dá rí, ó ní,
kí Kétu tó jẹ́ Kétu:
igbó sá, ọ̀dàn wọlé,
odò di ipa ejò.
Oró nìkan ló rọ omi pamọ́ sára;
ìdílé kan rọ̀ mọ́ tibí, èkejì mọ́ ti orí àpáta lọ́hùn-ún.
Òjò padà dé. Wọ́n pàdé.
Òórùn ara wọn ò bára mu.

Mo wo ìgò náà títí.
Lọ́dún tí àgbàdo jóná, Fágbohùn àbúrò mi kọjá sí Ìmẹ̀kọ.
Lánàá ó pè mí.
Mo ní, "Ta nìyẹn?"