Àga Tó Yarọ

Ẹ wọlé, ẹ má kànkùn;
ọwọ́ ìlẹ̀kùn yìí ti já láti èṣí.
Ẹ̀yin tí ẹ gun òkè Ìtókò wá nínú òjò,
ẹ gbọn agbòjò síta. Ẹ kú ọ̀nà.

Kò sí alága níbí. Àga ló wà,
méjìlá, a yá wọn lọ́wọ́ ilé-ìwé.
Ọ̀kan yarọ: èmi tí mo kọ́kọ́ dé ni mo ń jókòó sí i.
Oyè yín, ẹ gbé e ti bàtà lẹ́nu ọ̀nà.
Orúkọ, àti ohun tí ẹ sè lọ́sẹ̀ yìí: ó tán.

Opó lobìnrin ń jẹ́ tí ọkọ bá lọ.
Kí wá ni wọ́n ń pe àwa?
Kúforíjì nìyí, ará Ìjẹmọ̀,
ìrẹsì rẹ̀ ti ń jinná, ẹ̀wà ló ṣì ń bá a jà.
Ṣótúndé, awakọ̀ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì,
ẹyin nìkan ló ń dín, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́;
ẹ má rẹ́rìn-ín.

Bàbá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà,
ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí ìkòkò jóná dúdú.
"Orúkọ yín, bàbá?"
Ó wo ìkòkò. Ó wo òjò.
"Ọkọ Àdùfẹ́," ló wí.
Bẹ́ẹ̀ náà la kọ ọ́ sílẹ̀.

Àga méjìlá, ènìyàn mẹ́tàlá.
Mo dìde, mo fa tèmi fún un.
Ẹ rọra o, mo ní, á mì díẹ̀,
ṣùgbọ́n kò tíì gbé ẹnikẹ́ni ṣubú rí.