Okùn Kànga Ajárá

Apá mẹ́ta péré ni okùn náà nígbà tí mo wọlé ọkọ.
Ìyá ọkọ mi ló fà á lé mi lọ́wọ́, ó ní,
"Rọra jù ú sílẹ̀, omi kò jìnnà."
Òótọ́ ni. Ọmọdé fi ọwọ́ lásán wa yanrìn lẹ́yìnkùlé,
omi sun jáde bí òógùn.

Ọdún tí Sẹ́náyọn gbé ẹ̀rọ àkọ́kọ́ wọ Ajárá láti Sẹ̀mẹ̀,
gbogbo wa lọ wòran.
Ẹ̀rọ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó pọ omi.
Ṣọkọ tó ti sorí kọ́ nínú ọyẹ́ gbórí sókè kí ilẹ̀ tó ṣú.
Ta ni kò ní fẹ́?
Ẹ má jẹ́ kí n purọ́: èmi ló ra ìkejì.
Ewúrẹ́ mẹ́ta ni mo tà.

Yanrìn wa, bí ajere ló ṣe ń mumi.
A bomi rin ín láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán ó ti gbẹ.
Ìgbà tí òjò kò sí gan-an ni kùkúḿbà ń pa owó l'Ékòó,
ìgbà náà gan-an ni à ń fà á jù.

Mautín gbẹ́ tirẹ̀ jìn, tiwa gbẹ.
A gbẹ́ tiwa jìn ju ti Mautín lọ, tirẹ̀ gbẹ.
Bí ọmọ méjì lórí àwo ẹ̀kọ kan,
òkèlè ẹnìkejì ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́.

Bẹntiróòlù wọ́n, a ní ilẹ̀ yóò sinmi díẹ̀.
Ni pánẹ́ẹ̀lì olóòrùn bá dé.
Oòrùn kì í bi ènìyàn lówó,
kò sẹ́ni tó tún rántí pa ẹ̀rọ.
Omi ń ṣàn láàárín ebè, pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀ nínú rẹ̀,
à ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Àbàtà tó ń bá wa tọ́jú òjò,
wọ́n ti kó yẹ̀pẹ̀ pupa dí i, wọ́n gé e tà ní púlọ́ọ̀tì.
Òjò rọ̀, kò rí ojú ilẹ̀ wọlé.
Ó gba orí kọnkéré lọ sínú ọ̀sà.

Lọ́dọọdún ni mò ń ta kókó mọ́ okùn.
Apá mẹ́ta di márùn-ún,
ó di mẹ́jọ lọ́dún tí mo bí Sẹtọnji,
ó di mọ́kànlá.

Lánàá, Sẹtọnji mu omi, ó tu ú dànù:
"Màmá, ta ló bu iyọ̀ sí i?"
Mo wo oko. Etí ewé ń jóná, kò sí iná.
Èmi náà tọ́ ọn wò.
Omi dídùn ti fà sẹ́yìn,
omi ẹ̀yìn Gbẹrẹfù sì ti gba abẹ́ yanrìn wọlé wá jókòó sípò rẹ̀.
Okùn ni mo rò pé mò ń so gùn,
n kò mọ̀ pé òkun ló di ìdí rẹ̀ mú.

Mo lọ pa ẹ̀rọ mi.
Mo dúró, mò ń gbọ́ ti Sẹ́náyọn, ti Mautín,
ti àwọn tí n kò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn.
Lọ́jọ́ Ajé ni oníbàárà ń bọ̀ wá kó kùkúḿbà,
mo sì ti gba àsansílẹ̀.

Mo tún un tàn.