Akoto Mẹ́fà

Ọ̀gá ní kí n wá yà wọ́n fún kàlẹ́ńdà
níbi ìfọ́kùúta, lójú ọ̀nà Ìta-Ògbólú.
Oòrùn ò tíì là, eruku ti jí.

Wọ́n kó akoto mẹ́fà jáde,
aláwọ̀ ìyeyè, ọ̀rá ṣì ń dún lára wọn.
Akinfọlárìn dé tirẹ̀ sódì.
Ọ̀gá ní, "Rẹ́rìn-ín." Ó rẹ́rìn-ín:
eyín nìkan ni kò ní eruku.

Mo ya pélódà, táyà rẹ̀ ga jù mí lọ.
Mo ya ẹ̀rọ tí ń jẹ òkúta láìgbémì,
tí ń bì í sílẹ̀ ní wẹ́wẹ́.
Mo fi etí ẹ̀wù nu ojú kámẹ́rà,
mo nù ún, mo tún nù ún.

Fèrè dún. A sá sẹ́yìn tírélà.
Ilẹ̀ mì láti àtẹ́lẹsẹ̀ wọ inú eyín mi.
Òkè tí àwọn ará oko fi ń júwe ọ̀nà
di èéfín.
Ìka mi ò tẹ nǹkan kan.

Lọ́sàn-án, wọ́n gba akoto padà,
wọ́n kà wọ́n, ó pé.
Akinfọlárìn wé tọ́wẹ̀ẹ̀lì gbígbó mọ́rí, ó gbé òòlù:
"Ẹni tó o yà láàárọ̀ yẹn, èmi kọ́.
Ya èmi wàyí. Ìyá mi ò ní dá tìyẹn mọ̀."

Kò rẹ́rìn-ín.

Kàlẹ́ńdà ti wà lára ògiri báǹkì l'Álágbàkà,
akoto mẹ́fà ń dán lóṣù Ẹ̀rẹ̀nà.
Èkejì wà ní Ìdànrè, níbi tí òkè ṣì dúró.
Ìyá rẹ̀ ń fi ìdí ìró nù ún,
ó rò pé ara gíláàsì ni eruku wà.