Ọtí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Dọ́là mẹ́rìndínlógún àti ṣéńjì tí n kò dúró gbà,
owó ìgò kan nìyẹn ní ilé ọtí ìjọba
ní òpópónà Wellington, ní Verdun, ní Montreal.
Yìnyín ń já bọ́ bí òwú
tí afẹ́fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń rànwú.

Èmi kì í ṣolówó.
Ẹ̀rọ agbénigòkè ni mò ń tún ṣe.
Láàárọ̀ mo wà ní àjà kejìdínlógún,
lọ́sàn-án mo wà nínú kòtò tí okùn irin ń sùn sí.
Ẹni tó ti ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ látàárọ̀
kò wá ọtí tí yóò tún gbẹ́rù lé e lórí.

Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn èyí tó fúyẹ́,
pupa àwọn Faransé tí wọ́n ń pè ní Bojolé,
ọmọ èso Gàmé tí kò pẹ́ nínú àgbá,
tí kò kọ́ ìgbéraga lára igi.
Ó pọ́n bí omi ìṣápá àkọ́sẹ́,
o ó rí ìka ara rẹ lódìkejì ife.

Madame Thibodeau, ìyá àgbà ìsàlẹ̀ ilé wa,
ló kọ́ mi pé ọtí pupa náà ń fẹ́ òtútù.
"Ogún ìṣẹ́jú péré," ló wí,
ó sì nawọ́ sí bákónì mi tí yìnyín bò.
Mo ti fi ẹgbẹ̀rin dọ́là ra fìríìjì,
n kò mọ̀ pé Ọlọ́run ti gbé ọ̀kan sẹ́nu ọ̀nà mi lọ́fẹ̀ẹ́.
Mo ri ìgò bọ yìnyín dé ọrùn.
Mo gbàgbé rẹ̀ mọ́jú nígbà kan: ó dì, ìdérí fò,
bákónì pọ́n bí ibi tí wọ́n ti dúńbú ewúrẹ́.
Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga jókòó.

Lónìí, mo ka ìṣẹ́jú.
Mo gbé e wọlé, ó ń làágùn.
Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀;
ìgò ò níyẹ̀ẹ́, gbogbo ayé ló rí òógùn rẹ̀.
Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé,
bí ìyeyè tó já sílẹ̀ lẹ́yìn òjò ní Ìgbájọ.
Lẹ́yìn náà, kíkan kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n,
kíkan àgbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n tán
tí ọmọdé ò ní torí ẹ̀ jù nù.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, Ọ̀mọ̀wé Adégòróyè,
wá láti Ottawa lọ́jọ́ Ìdúpẹ́,
ó gbé ìgò kan dání bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.
Àádọ́fà dọ́là!
Ìdí ìgò náà jinnú tó àtàǹpàkò mi.
Ó dúdú, ó wúwo, ó fún ẹnu pọ̀ bí orógbó.
A ń mi orí bí ẹni tó wà níwájú adájọ́.
Fọláṣayọ̀ yọ́ lọ bu omi mu.

Nígbà tó di aago mẹ́wàá
mo bá Ọ̀mọ̀wé ní kíṣìnì, kò tan iná,
itan adìẹ lọ́wọ́ kan, ife lọ́wọ́ kejì,
Bojolé mi ti kù sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.
Ó ní, "Èló ni?"
Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu."
Ó ní, "Mo ní èló ni?"
Mo sọ fún un.
Ó dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbọ́n lápò.

Wọ́n ní ó yẹ ká tọ́ ọtí dàgbà.
Bóyá.
Ọmọ méjì ló wà lọ́wọ́ mi tí mò ń tọ́.
Èyí tó yá lónìí ni kí wọ́n fún mi,
tí kò ní bá ata inú ẹja mi jà.

Mo gbọ́ ọ̀pá Ìyá àgbà lórí àtẹ̀gùn irin,
kò, kò, kò.
Mo gbé ife kejì síta.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Kò sóhun tí a ṣẹ́gun
àfi òtútù, fún ogún ìṣẹ́jú.