Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Fi Òkúta Dí

Ọmọkùnrin, ká tépù rẹ ná.
O ti wọn ilé yìí láti ìdí dé téńté,
o kọ nọ́ńbà sínú ìwé, o mi orí,
o ní ògiri wa kò gún.
Ta ló sọ fún ọ pé ó fẹ́ gún?
Òkè àfonífojì Swale ló kọ́kọ́ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan,
ilé wá fì tẹ̀ lé e,
bí arúgbó ṣe ń bá ọ̀pá rẹ̀ rìn.

Gbójú sókè wo àtẹ́rígbà.
I àti S: Isaac Sunter nìyẹn.
Agbẹ́kúta kọ S náà sódì, Isaac kò sì san owó rẹ̀ pé.
Òjò ti jẹ nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ọdún náà,
a kò mọ ọjọ́ orí ilé mọ́,
ilé pàápàá kò béèrè.

Ògiri méjì ni èyí tí o kọ sílẹ̀ bí ọ̀kan.
Ọ̀kan kọjú sí òjò, ọ̀kan kọjú sí iná àdògán,
òkúta wẹ́wẹ́ kún àárín wọn bí ìfun.
Kí wọ́n má baà kọ ara wọn sílẹ̀
ni Isaac ṣe fi òkúta gbọọrọ gún wọn pọ̀;
orí rẹ̀ ló yọ síta lọ́hùn-ún yẹn,
níbi tí bàbá mi ń sá ìbọ̀sẹ̀ sí.

Òkúta ni òrùlé náà.
Pẹlẹbẹ ńlá nísàlẹ̀, kéékèèké lókè:
ẹni tó bá gbé ẹrù gun àkàsọ̀ yóò mọ ìdí rẹ̀.
Òrùlé kan ṣoṣo, láti ibi tí èéfín ń gbà jáde
dé ihò tí òwìwí ń gbà wọlé.
Ìdá kan bo ènìyàn, ìdá méjì bo màlúù.
Má rẹ́rìn-ín. Ta ló ń bọ́ ta?

Fèrèsé kẹta yẹn kò bàjẹ́ o.
Ìjọba ìgbà kan ló ń gba owó orí lórí ìmọ́lẹ̀,
àwọn Sunter ní àwọn kò ní jẹ oòrùn ní gbèsè,
wọ́n bá dí i pa.

Ní ọdún tí òjò dídì bo ọgbà mọ́lẹ̀,
tí àgùntàn kú lórí ìdúró,
ìyá ìyá mi, Dinah, kò fẹsẹ̀ kan ìta fún ọjọ́ mọ́kànlá.
Ó ṣí ilẹ̀kùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán,
ó ti bọ́ sí abà, òun àti fìtílà, òun àti korobá.
Ooru màlúù mẹ́fà ń gba ibẹ̀ wọ ibùsùn wa.
A ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ lóru.
Ìró yẹn la fi ń sùn.

Ilẹ̀kùn náà dà?
O wọn ògiri yẹn lẹ́ẹ̀mejì, o kò rí i.
Ọjọ́ tí wọ́n kó màlúù tó kù lọ sí ọjà Hawes,
bàbá mi kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.
Ó po ẹfun, ó to òkúta títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ó ní òtútù ń wọlé.
Lóòótọ́ ni, ó ń wọlé.

Gíláàsì tí o fẹ́ fi sí ẹnu abà,
níbi tí kẹ̀kẹ́ ń gbé koríko gbígbẹ gbà tòun ti ẹrù,
fi sí i. Ọmọ ọmọ mi ń fẹ́ pálọ̀, n kò bá a jà.
Ṣùgbọ́n wá síhìn-ín. Bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ.
Fọwọ́ pa igun òkúta yìí.
O rí i bó ṣe ń yọ̀, tó dán bí ìdí síbí?
Kò sí mọlémọlé tó ṣe é.
Èjìká ni. Láàárọ̀, èjìká; nírọ̀lẹ́, èjìká,
màlúù ń jáde, màlúù ń wọlé,
òkúta ń fi díẹ̀díẹ̀ yà fún wọn.

Ó yá, na tépù rẹ.
Wọn èyí.