Níbi Òṣùwọ̀n, Etí Odò Rima

Èmi ni mo ń di òṣùwọ̀n mú lọ́dọọdún.
Ọmọ Ọ̀fà ni mí; Hausa mi ṣì ń tiro,
ṣùgbọ́n mo mọ kílò.

Nígbà tí ìbọn dún, odò ò hàn mọ́:
orí, akèrègbè, àwọ̀n, orí,
omi di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ di ariwo.
Wákàtí kan péré.

Ẹ má bi mí léèrè ẹni tó gba mọ́tò.
Labaran ni mò ń wò,
tó jókòó sórí ọkọ̀ tó dojú dé,
tí kò bá wọn wọdò.
Odidi ọdún ló fi ṣọ́ omi yìí.
Lóṣù keje, lóru, ó gba àwọ̀n
lọ́wọ́ ọmọ bíbí inú ara rẹ̀,
àwọ̀n ojú wẹ́wẹ́ tí kì í dá ọmọ ẹja sí,
ó dáná sun ún lójú ìyá ọmọ.
Oṣù mẹ́ta ni wọn ò jọ jẹun.

Lónìí, Tukur ọmọ rẹ̀ gbé giwa dé,
ikùn ẹja náà rí róbótó.
Mo gbé e kọ́. Kílò mọ́kàndínlógójì.
Ẹyin lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ọkà bàbà tútù.
Mo ní, "Ẹja tí kò bá sí nílẹ̀ kò lẹ́bùn o."
Ó ní òun gbọ́.
Ó tú u sílẹ̀, ó gbé e padà sódò
bí ẹni gbé ọmọ tó sùn.
Ẹja fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú omi
títí ó fi rántí ìrù rẹ̀.

Labaran ò sọ nǹkan kan.
Ó kàn sún díẹ̀ lórí ọkọ̀ náà,
ààyè ẹnì kan.