Yàrá Kan ní Pàkátà

Ajẹ́ńtì ti gba tirẹ̀ kí n tó fojú kan ilẹ̀kùn.
"Owó ẹsẹ̀ ni," ó ní.
A tẹrí ba fún ẹnu ọ̀nà kó tó jẹ́ ká wọlé,
ewúrẹ́ kan dùbúlẹ̀, kò yà fún wa.

Àlájà Sẹfíátù kò kọ́kọ́ dárúkọ owó.
"Ọmọ ilé ta ni ọ́?"
Mo ní Òmù-Àrán ni wọ́n bí mi sí, tíṣà ni mí.
"Ó jìnnà," ó ní, "ṣùgbọ́n ó dáa."

Ògiri amọ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ mi.
Kànga wà. Iná ìjọba ń wá bí àlejò.

"Fi ọ̀dà tó bá wù ọ́ kùn ún.
Ihò méjì yẹn nìkan ni o ò gbọdọ̀ dí:
ibẹ̀ ni òfì ìyá mi dúró sí."

Mo san ọdún méjì.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà,
atẹ́gùn a máa gba ihò ọ̀tún wọlé.
Mo ti ki igi bọ ti òsì,
mo fi aṣọ iṣẹ́ mi kọ́ ọ.

Láàárọ̀ yìí ó yọjú,
ó wo igi, ó wò mí títí.
"Tíṣà," ó ní, "aṣọ yìí ń fẹ́ lílọ̀."